Ìwé Dísẹ́ẹ̀lì àti Òòfà Òfurufú

Ọjọ́ Ajé, 4 oṣù Kẹta

Owó òrùlé tó wà nínú agolo láàárọ̀ yìí: 412,000.

Wáyà àti sọ́kẹ́ẹ̀tì: 8,400
Fáànù àlòkù méjì: 11,000
Dísẹ́ẹ̀lì lítà 60, 650 lórí lítà kọ̀ọ̀kan: 39,000
Okùn tó so àwọn kọ̀ǹpútà pọ̀ mọ́ra: 5,600
Ike méjì tí yóò máa gba òjò: 1,800
Àpapọ̀: 65,800. Ó ku 346,200.

Káfíńtà ní 390,000 ni òun máa fi tún òrùlé ṣe. Lánàá mo ní in, ṣẹ́ńjì sì kù. Lónìí n kò ní in mọ́. Èmi tí mo máa ń ka ìṣáná inú páálí kí n tó sanwó.

Àbúrò mi ló kó mi sí i. Ìyá wa bí i nígbà tí mo ti ń gbowó oṣù, owó oṣù náà ló sì fi kàwé débi tó kà á dé. Báàgì kan àti páálí ìwé méjì ló gbé dé. Ó ní yàrá ẹ̀yìn lòun fẹ́ lò, níbi tí mo kó kọ̀ǹpútà mẹ́rìndínlógún tí olóògbé ọkọ mi fi sílẹ̀ sí nígbà tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kógbá sílé. Méjì ti kú nínú wọn. Mo ti bá alálòkù sọ ọ́ pé kó wá kó mẹ́rìnlá tó kù. Àbúrò mi ní kí n ní sùúrù títí di ọjọ́ kẹwàá oṣù Karùn-ún.

"Kí lo fẹ́ fi wọ́n ṣe?"

"Mo fẹ́ fi wọ́n wá gáàsì, Àǹtí mi."

"Gáàsì ìdáná?"

"Gáàsì tó wà láàárín àwọn ìṣùpọ̀ ìràwọ̀. Àti òòfà tó wà nínú rẹ̀, irú agbára tó ń fa irin mọ́ra."

"Ta ló sọ ọ́ nù?"

Ó rẹ́rìn-ín. Èmi ò rín. Ó ní àwọn tó ń ṣírò ojú ọ̀run mọ iye ẹrù tó yẹ kó wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ka èyí tó ń tàn, kì í pé. Wọ́n ní ìyókù fọ́n ká sáàárín, ó rọ̀ bí okùn tó tẹ́ẹ́rẹ́ débi pé ojú kì í rí i. Òun máa kọ́ ayédèrú ojú ọ̀run sínú kọ̀ǹpútà. Àpótí lòun ń pè é. Òun á da gáàsì sí i, òun á fi òòfà bíńtín sí i, òun á jẹ́ kó dàgbà láti ìbẹ̀rẹ̀ ayé títí dòní, kí àwọn tó ni awò ńlá tí wọ́n fi ń wo ojú ọ̀run lè mọ ibi tí wọ́n máa kọjú rẹ̀ sí. Ẹ̀rọ tó tóbi wà níbi iṣẹ́ òun, níbi tí wọ́n ti ń ṣèwádìí ojú ọ̀run, ṣùgbọ́n ìlà àwọn tó fẹ́ lò ó ti gùn dé oṣù Kẹsàn-án. Ìgbìmọ̀ tó ń pín awò ńlá náà fúnni fẹ́ rí ìwé lọ́jọ́ kẹwàá oṣù Karùn-ún. Tí wọ́n bá gbà á, owó á wọlé, òun á san gbogbo ohun tí mo bá ná.

"Tí wọn ò bá gbà á ńkọ́?"

"Wọ́n á gbà á."

Ìdáhùn yẹn ò wọ̀ mí létí. Mo ní kó buwọ́ lùwé, ó buwọ́ lù ú. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe akọ̀wé ìkẹ́rùsí nílé iṣẹ́ ìṣó, ohun tí a kò bá kọ, kò ṣẹlẹ̀. Ìwé méjì ni mo là: èyí, àti ìwé dísẹ́ẹ̀lì tí mo fi okùn so mọ́ jẹnẹrétọ̀. Nígbàkígbà tí iná bá lọ, màá kọ aago tó lọ, aago tó dé, àti iye lítà tó jó. Ojú ni mo fi ń ṣọ́ ará ìta. Bírò ni mo fi ń ṣọ́ ẹbí.


Ọjọ́rú, 6

Iná lọ lẹ́ẹ̀méjì. Lítà 7. Kí n tó tan jẹnẹrétọ̀, gbogbo kọ̀ǹpútà ti pa. Ó ní kò séwu, wákàtí wákàtí ni ẹ̀rọ ń tọ́jú ibi tó dé sínú fáìlì, òun á kàn tún un bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Mo ní dísẹ́ẹ̀lì kì í tọ́jú ibi tó dé.


Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9

Alálòkù wá. 20,000 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, mẹ́rìnlá, 280,000. Mo ní kó di oṣù Karùn-ún. Ó na ọrùn gba èjìká mi wo yàrá ẹ̀yìn.

"Màmá, mi ò fẹ́ dá sọ́rọ̀ ọlọ́rọ̀ o. Àmọ́ kọ̀ǹpútà mẹ́rìnlá tó ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru, ta ni wọ́n ń fi lù ní jìbìtì?"

"Àbúrò mi ló ń lò ó."

"Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Gbogbo oníjìbìtì ló ní ẹ̀gbọ́n."

Mo lé e jáde. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò bá a lọ.


Ọjọ́bọ̀, 14

Ooru. Fáànù méjèèjì kọjú sí àwọn kọ̀ǹpútà, èmi ń fi páálí fẹ́ ara mi.

Ó pè mí wá wò ó. Ojú kọ̀ǹpútà dúdú, àwọn okùn tẹ́ẹ́rẹ́ wà níbẹ̀ tó ń pàdé ara wọn lórígun lórígun, bí òwú aláǹtakùn tó wà ní igun àjà yàrá náà gan-an. Mo gbójú sókè wo ti àjà, mo rántí pé n kò tíì gbá a.

"Ojú ọ̀run nìyí?"

"Ojú ọ̀run tiwa. Ibi tí okùn ti pàdé yẹn, ibẹ̀ làwọn ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ wà. Okùn fúnra rẹ̀, gáàsì ni."

"Báwo ló ṣe ki tó?"

Ó wo ojú fèrèsé. "Ẹ wo táńkì omi yẹn. Tí ẹ bá da omi inú rẹ̀ nù pátápátá, tí ẹ wá fi gáàsì yẹn kún un, ẹyọ bíi mẹ́wàá ló máa wọ inú rẹ̀."

"Mẹ́wàá kí? Agbọ̀n mẹ́wàá àbí àpò mẹ́wàá?"

"Ẹyọ, Àǹtí mi. Ẹyọ tí ojú ò lè rí."

Táńkì lítà ẹgbẹ̀rún kan. Ẹyọ mẹ́wàá. Mo ṣírò ó sẹ́yìn ìwé: lítà ọgọ́rùn-ún fún ẹyọ kan. Nílé iṣẹ́ wa, ọlọ́pàá la máa ń pè fún ẹni tó bá gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ wá sẹ́nu géètì.


Ọjọ́ Ajé, 18

Dísẹ́ẹ̀lì ti di 690. Lítà 60: 41,400. Ó ku 304,800. Mo béèrè lọ́wọ́ elépo pé kí ló dé, ó ní ayé le. Ayé ti le kó tó gbé owó lé e.


Ọjọ́rú, 20

Ìgbálẹ̀ mi fa púlọ́ọ̀gì ńlá yọ. Gbogbo rẹ̀ pa fíì. Mo tì í bọ ojú ihò rẹ̀ padà kíá, mo gbálẹ̀ tán. Àbúrò mi lọ ra káàdì fóònù. Nígbà tó dé ó ní, "Iná tún lọ ni?" Mo ní, "Bóyá." N kò sọ.


Ọjọ́ Ajé, 25

Mo kọ ọ́ bí mo ṣe gbọ́ ọ gẹ́lẹ́. Mo ń sá aṣọ lẹ́yìn fèrèsé rẹ̀, ó ń bá ọ̀gá rẹ̀ ibi iṣẹ́ sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ohùn rẹ̀ wálẹ̀:

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má tíì fi lẹ́tà yẹn ránṣẹ́ sílé. Tí ẹ̀gbọ́n mi bá gbọ́, ó máa tú gbogbo ẹ̀rọ palẹ̀."

Lẹ́yìn náà ó rí mi, ó sọ̀rọ̀ òjò. Òjò wo? Òòrùn ń ta gbà-à.

Nǹkan méjì ló lè jẹ́. Yálà ó ti fi kọ̀ǹpútà mi dúró fún gbèsè níbì kan, tàbí òótọ́ ni alálòkù sọ. Mo lọ sínú yàrá mi, mo tún owó inú agolo kà. Ó pé. Mo gbé agolo síbòmíràn.


Ọjọ́rú, 27

Ó ń jó. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ láti ibi ìdáná. Ó ní òòfà inú okùn ti di ìlọ́po mẹ́ta iye tí àwọn yòókù ń retí, ó sì ń gòkè sí i. Tó bá fi lè rí bẹ́ẹ̀, awò ńlá á rí i kedere, kò sí bí ìgbìmọ̀ ṣe máa kọ̀ ọ́.

"Àǹtí mi, ẹ bá mi yọ̀ nau!"

"Mo ń yọ̀."

"Ojú yín ò fi hàn."

Ọjà tí èrè rẹ̀ bá yá jù, ẹ̀yìn páálí rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ máa ń wò.


Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2 oṣù Kẹrin

Òjò àkọ́rọ̀. Iná lọ lẹ́ẹ̀méjì kí ilẹ̀ tó ṣú. Òrùlé jò níbi mẹ́rin, ike méjì ni mo ní. A gbé ìkòkò méjì kún un. Omi dé orí kọ̀ǹpútà kan kí n tó fà á kúrò, ó pariwo wín-ín-ín, ó kú. Ó ku mẹ́tàlá. Àbúrò mi dì í mọ́ra bí ọmọ. Mo ní 20,000 lo dì mọ́ra yẹn.

Ọ̀rá tí a fi bo ẹ̀rọ: 7,500. Dísẹ́ẹ̀lì lítà 50, ó ti di 740: 37,000. Ó ku 260,300.


Ọjọ́ Ẹtì, 12

Alálòkù tún dé. 17,000 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan báyìí, ó ní ọjà ń wálẹ̀. Mo ní dísẹ́ẹ̀lì ń gòkè, ó ní ìyẹn kì í ṣe ọjà tòun. Bó ṣe ń lọ ó yọjú wo yàrá ẹ̀yìn. "Ẹ kú iṣẹ́ o, Ọ̀mọ̀wé!" Àbúrò mi dá a lóhùn tayọ̀tayọ̀. Wọ́n ti mọra tẹ́lẹ̀ ni? Mo kọ ọ́ sílẹ̀.


Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 20

Ìfura ti sú èmi fúnra mi, mo wọlé tọ̀ ọ́.

"Ṣé o máa ń ka ẹrù inú àpótí rẹ?"

Ó yíjú sí mi bí ẹni pé ewúrẹ́ ló sọ̀rọ̀. "Lójoojúmọ́. Ẹ̀rọ ló ń kà á. Kí ló dé?"

"Fún mi wò."

Ó tẹ̀ ẹ́ jáde, ojú ewé mọ́kànlá. Ìlà kan fún wákàtí kọ̀ọ̀kan, gáàsì lápá òsì, òòfà lápá ọ̀tún. Mo jókòó ti gáàsì títí ọ̀sán fi pọ́n. Ohun tó wà nílẹ̀ ní ọjọ́ kìíní ló wà nílẹ̀ lónìí. Ó kúrò níbí, ó ṣù jọ sọ́hùn-ún, ó gbóná, ó tutù, ṣùgbọ́n àpapọ̀ rẹ̀ ò yẹ̀. N kò rí irú ìwé bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà tí mo ti ń ka ẹrù. Ara mi rọ̀ díẹ̀. Ẹni tó fẹ́ fi gáàsì ẹ̀tàn lu èèyàn ní jìbìtì, ṣé á máa kà á báyìí?

"Òòfà ò dúró sójú kan bíi gáàsì," mo wí.

"Kì í dúró. Bí gáàsì bá ń fún un, tó ń lọ́ ọ, ó máa ń pọ̀ sí i fúnra rẹ̀."

"Ọjà tó ń pọ̀ sí i fúnra rẹ̀ lórí pẹpẹ."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Irú pẹpẹ bẹ́ẹ̀ ni mo ti ń wá látọjọ́ yìí."

Ó ní kí n mú ìwé náà lọ, òun lè tẹ òmíràn. Kò tilẹ̀ ṣẹ́jú. Ìyẹn náà ń kọ mí lóminú. Olè tó bá mọṣẹ́ dunjú, òun fúnra rẹ̀ ló ń na kọ́kọ́rọ́ síni.


Ọjọ́ Ajé, 22

Dísẹ́ẹ̀lì lítà 60: 44,400. Ó ku 215,900. Òjò láti àárọ̀.


Ọjọ́ Ajé, 29

Mo rí i.

Mo fa ìlà sórí ìwé bí a ṣe máa ń ṣe níparí oṣù. Òòfà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 58. Lójoojúmọ́ ó ń fi díẹ̀díẹ̀ gòkè: 2, 3, 2, 4. Lẹ́yìn náà á ṣàdédé fò. Mo yọ àwọn ìfò náà sọ́tọ̀. Ìfò méjìlá, ìwọ̀n kan náà ni gbogbo wọn: 58, 58, 58.

Ọjà tó ń dàgbà fúnra rẹ̀ kì í fi ìwọ̀n kan náà dàgbà lẹ́ẹ̀méjìlá. Ọkọ̀ ló ń já a.

Mo tú ìwé dísẹ́ẹ̀lì kúrò lára jẹnẹrétọ̀, mo tẹ́ méjèèjì sórí tábìlì. Ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹta, iná lọ lẹ́ẹ̀méjì, ìfò méjì. Ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin, iná lọ lẹ́ẹ̀méjì, ìfò méjì. Ìyókù bá ara wọn mu, aago bá aago mu. Ìgbà mọ́kànlá ni iná lọ tí ẹ̀rọ fi pa. Nígbàkígbà tí àbúrò mi bá tún àpótí bẹ̀rẹ̀ láti inú fáìlì, ẹ̀rọ ń rò pé ayé ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni, ó tún ń gbin òòfà àkọ́kọ́ lé èyí tó wà nílẹ̀.

Ìkejìlá dà mí láàmú tí oúnjẹ mi fi tutù. Ogúnjọ́ oṣù Kẹta, aago mẹ́wàá àárọ̀. Kò sí nínú ìwé dísẹ́ẹ̀lì. Mo ṣí ìwé yìí padà sẹ́yìn. Ìgbálẹ̀ mi.

Ní ìlà tó kẹ́yìn, òòfà jẹ́ 902. Mo yọ ìfò méjìlá kúrò, 696. Ó ku 206. Ìlọ́po mẹ́ta tó ń jó sí, tó ti lé ní mẹ́rin báyìí, inú ìwé nìkan ló wà.


Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 30

N kò tíì sọ fún un.

Irú àṣìṣe yìí, mo mọ ìyá rẹ̀, mo mọ bàbá rẹ̀. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni mí nígbà náà, oṣù kẹta mi nílé ìkẹ́rùsí. Tí ojú ewé bá kún, a máa ń kọ ohun tó kù nílẹ̀ sókè ojú ewé tuntun. Èmi kọ ohun tó kù, mo sì tún kọ páálí ìṣó méjìlá àkọ́kọ́ sábẹ́ rẹ̀, bí ẹni pé ọkọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ tún já a. Ojú ewé mẹ́rin. Páálí 48 tí kò sí níbì kankan láyé àyàfi nínú ìwé mi. Nígbà tí wọ́n wá wọn tí wọn ò rí wọn, wọ́n ní awakọ̀ ló tà wọ́n lọ́nà. Wọ́n ń yọ owó rẹ̀ lóṣooṣù títí wọ́n fi gba gbogbo rẹ̀, ó sì fi iṣẹ́ sílẹ̀. Mo rí àṣìṣe náà lẹ́yìn oṣù mẹ́rin. Mo fi bírò pupa tún un ṣe, ọ̀gá buwọ́ lù ú láì kà á. Ẹnu mi mọ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́.

Tí mo bá dákẹ́ báyìí, ìgbìmọ̀ á gbà, owó á wọlé, òrùlé á di tuntun. Ta ló máa lọ ka òòfà lójú ọ̀run?


Ọjọ́rú, 1 oṣù Karùn-ún

Ó ka ìwé tó fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀ sí mi létí. Ó dùn. Ó ní kí n pe káfíńtà kó tún iye rẹ̀ sọ. Òjò ń kán sínú ike, tó, tó, tó. N kò sọ.


Ọjọ́bọ̀, 2

Mo wọlé tọ̀ ọ́ láàárọ̀ pẹ̀lú ìwé méjèèjì.

"Tí iná bá lọ, tó o bá fẹ́ tún àpótí bẹ̀rẹ̀, kí lo máa ń fún un?"

"Fáìlì tó tọ́jú."

"Àti kí ni?"

"Kò sí nǹkan mìíràn."

"Òòfà ńkọ́?"

"Ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ la ti gbin ìyẹn, Àǹtí mi."

"Báwo ni ẹ̀rọ ṣe máa ń mọ̀ pé ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni?"

Mo tẹ́ ìwé dísẹ́ẹ̀lì síwájú rẹ̀, mo tẹ́ tirẹ̀ tì í. Mo ń fi ìka tọ́ka, òun ń tẹ̀ lé mi. Nígbà tó kà á tán, ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ lójijì.

"Kò bára mu. Iná lọ nígbà mọ́kànlá. Ìfò méjìlá ló wà. Nǹkan mìíràn ni!"

Bó ṣe rọ̀ mọ́ ẹyọ kan yẹn, bí ẹni tó rọ̀ mọ́ ẹ̀ka lójú omi, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ẹnu mi mọ́ padà.

"Èmi ni ìkejìlá."

"Ẹ̀yin báwo?"

"Ìgbálẹ̀. Ogúnjọ́ oṣù Kẹta. Mo fa púlọ́ọ̀gì yọ."

"Ẹ sì ní bóyá iná lọ."

"Mo ní bóyá."

Ó ṣí iṣẹ́ tó kọ fún ẹ̀rọ, ó ń wá a sísàlẹ̀. Ó dúró. Ìlà kan ṣoṣo. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ lọ́jọ́ kìíní, ó gbàgbé láti fi sí i pé ẹ̀ẹ̀kan péré ni. Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín yẹn di ẹkún, ó tún di ẹ̀rín.

"Oṣù méjì, Àǹtí mi. Oṣù méjì!"

"Àti 196,100."

"Ẹ tún gbé owó dé!"

"Kò kúrò níbẹ̀."

Ìgbà yẹn ló wá sọ ti lẹ́tà. Lẹ́tà tí ọ̀gá rẹ̀ fẹ́ fi ránṣẹ́ sílé ni pé iṣẹ́ rẹ̀ dópin ní ìparí oṣù yìí, àyàfi tí ìgbìmọ̀ bá gba ìwé rẹ̀. Kò sí gbèsè lórí kọ̀ǹpútà mi, kò sí jìbìtì. Ojú ń tì í láti sọ fún mi pé kò ní sówó oṣù tó máa fi san tèmi. Ojú wá ń ti èmi náà, ṣùgbọ́n n kò fi hàn.

Lẹ́yìn náà ó ní, "Ta ló tún mọ̀?"

"Èmi, ìwọ, àti ìwé dísẹ́ẹ̀lì."

"Ẹ yá mi ní ìwé dísẹ́ẹ̀lì."

Mo fún un. Ó fi sábẹ́ apá, ó jáde sí ìgboro láì wẹ̀yìn. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ṣé á jó o? Ṣé á jù ú sínú gọ́tà? Èmi tí n kò ka ohunkóhun sí ju ìwé lọ, mo fi ìwé lé ẹni tí ìwé náà máa bà jẹ́ lọ́wọ́.

Wákàtí kan àti ogún ìṣẹ́jú ló lò. Ó mú ìwé náà àti ẹ̀dà rẹ̀ dé, ojú ewé mẹ́rìndínlógún, 50 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Kí lo fẹ́ fi ẹ̀dà ṣe?"

"Màá fi sẹ́yìn ìwé tí mo fẹ́ fi ránṣẹ́. Bí mi ò bá fi ẹ̀rí hàn wọ́n bí a ṣe rí àṣìṣe náà, kí ni wọ́n máa fi gbà mí gbọ́?"

Ó so ìwé náà padà mọ́ jẹnẹrétọ̀. Kókó tó ta dára ju tèmi lọ.


Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 4

Ọjọ́ mẹ́fà péré ló kù. Ó gé àpótí kéré, ìdajì níbùú, ìdajì lóròó, ìdajì ní gíga. Mo ní ìdá mẹ́jọ nìyẹn. Ó ní, "Ẹ ò bá ti kàwé sí i." Mo ní owó ìwé mi ni ìwọ kà.

Iná lọ ní aago méjì. Àwa méjèèjì sáré. Ó tún un bẹ̀rẹ̀. A jókòó ti òòfà, a ò mí. Kò fò.


Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7

Alálòkù. 13,500. Ó ní òun gbọ́ pé iṣẹ́ náà ti dojú rú. Ta ló sọ fún un? Àbúrò mi ní òun ni, òun rò pé bí ó bá gbọ́ pé kò sí jìbìtì ńbẹ̀ á yéé yọjú. Ọ̀mọ̀wé! Wọ́n kọ́ ọ ní ojú ọ̀run, wọn ò kọ́ ọ ní ọjà.


Ọjọ́ Ẹtì, 10

Ó fi ránṣẹ́ ní aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Okùn gáàsì dúró bó ṣe wà, ó ní òòfà yẹn kò lágbára tó láti ti gáàsì kúrò níbi tó wà. Òòfà fúnra rẹ̀ kéré débi pé awò ńlá lè má rí i rárá. Ohun tó kọ ni pé ó jẹ́ báyìí, kò lè ju báyìí lọ.

"Ṣé ìyẹn náà jẹ́ ìdáhùn?" mo bi í.

"Ẹ̀yin náà ẹ máa ń kọ ọ́ sílé ìkẹ́rùsí pé kò sí."

Òótọ́ ni. Ìlà tó le jù láti kọ nìyẹn.

Ẹ̀dà ìwé, 800. Íńtánẹ́ẹ̀tì, 2,400. Dísẹ́ẹ̀lì lítà 20, 760: 15,200. Gbogbo ohun tí mo ti ná: 214,500. Ó ku 197,500.


Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù Kẹfà

Èsì dé. Wọ́n ò fún un ní awò ńlá lásìkò yìí. Wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sínú àwọn tí wọ́n máa pè bí àyè bá yọ. Ọ̀gá rẹ̀ fi oṣù mẹ́fà kún iṣẹ́ rẹ̀, ìdajì owó oṣù. Ẹnìkan nínú ìgbìmọ̀ kọ ọ́ sísàlẹ̀ lẹ́tà pé òun fẹ́ mọ ẹni tó kọ ìwé dísẹ́ẹ̀lì. Ó kà á sí mi létí lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo ní kó fi lẹ́tà náà sílẹ̀ fún mi. Mo fẹ́ wò ó bóyá òótọ́ ló wà níbẹ̀. Ó wà níbẹ̀.

Kó tó wọkọ̀ ó ka 10,000 lé mi lọ́wọ́. Mo tún un kà. Ó pé. Mo ti sọ ti ìṣó fún un lánàá, nígbà tí a jọ ń da omi ike nù, bí mo ṣe mọ irú àṣìṣe rẹ̀ kíá bẹ́ẹ̀. Ó ti gbé ẹsẹ̀ kan sínú ọkọ̀ kó tó béèrè.

"Awakọ̀ yẹn ńkọ́, Àǹtí mi?"

"Awakọ̀ wo?"

"Ẹ mọ̀ ọ́n."

Ọkọ̀ lọ. Mo wọlé. Òjò ń ṣú, mo gbé ike méjì àti ìkòkò méjì sí àyè wọn. Mo ṣí ìwé.

Àbúrò mi: 214,500. Ó san 10,000. Ó ku 204,500. Kò tíì san.

Èmi, sí awakọ̀: páálí ìṣó 48, 35 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, 1,680. Ọdún mẹ́rìndínlógójì. Mo buwọ́ lù ú. Kò tíì san.